Ọjọ́ Orí Mi àti Ọkọ̀ Ẹlẹ́ni Méjì

Nígbà tí mo kúrò ní Ṣakí, ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí lẹ́nu ìyá mi, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nínú ìwé ìrìnnà. N kò rí ohun tó burú nínú ẹ̀. Nílé wa, a kì í ka ọjọ́ orí lójoojúmọ́. Ohun tó jẹ wá lógún ni ẹni tó jù ọ́ lọ àti ẹni tí o jù lọ, kí o lè mọ ẹni tí o máa sọ "ẹ" fún. Ìlú òyìnbó ni mo dé kí n tó mọ̀ pé ọdún mẹ́ta lè sọnù lára èèyàn, kí ó sì máa dùn ún.

Apá mi ló fà á. Láyé ìgbà náà, ọmọ tó bá fẹ́ wọ ilé-ìwé gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àtàrí kọjá, kí ó fi kan etí òsì. Ọmọ kúkúrú ni mí, orí mi sì tóbi. Bàbá mi mú mi lọ nígbà tí mo pé ọdún mẹ́fà, ọwọ́ mi kò kan etí, ọ̀gá ilé-ìwé ní kí wọ́n mú mi padà. Wọ́n mú mi lọ lọ́dún kejì àti ọdún kẹta, bákan náà ló rí. Ọdún kẹrin ni ìka mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kan etí, ọ̀gá sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Nígbà tí mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé yẹn ni bàbá mi gbé lọ sí kóòtù, òun náà ni wọ́n búra lé lórí. Akọ̀wé kóòtù ló bá mi yan ọjọ́ ìbí. Ó ní oṣù kẹfà dára, òjò ti rọ̀ nígbà náà.

Ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé mi sí. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, mo kí gbogbo èèyàn tó wà ní ibùdókọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́fà ni. Obìnrin kan ṣoṣo ló dá mi lóhùn, ó bi mí bóyá mo ti sọnù ni. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà mi tí mo bá ń dúró de ọkọ̀, bíi tiwọn.

Òtútù kò yà mí lẹ́nu tó bí mo ṣe rò. Wọ́n ti sọ fún mi. Iṣu ló yà mí lẹ́nu. Àǹtí Muínátù, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀ kí n tó dé, ló mú mi lọ sí ìsọ̀ ará Íńdíà kan. Mo rí iṣu tí wọ́n gé sí ègé, tí wọ́n ń wọ̀n lórí òṣùwọ̀n bí ẹni wọn ẹran. Mo dúró, mò ń wò ó. Èmi tí mo ti sùn lórí òkìtì iṣu nínú lọ́rì bàbá mi láti Kíṣí títí dé Ìbàdàn.

"Ẹ má bínú, Àǹtí," mo ní. "Mi ò lè ra ìyẹn."

"Wàá rà á," Àǹtí Muínátù dáhùn. "Tó bá di oṣù kẹta, wàá bá wọn du èèpo ẹ̀."

Oṣù kejì ni mo rà á.

Iṣẹ́ náà le, ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ í ṣe. Bàbá arúgbó kan wà ní wọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi mí sí, ó ní òun kò fẹ́ kí n wẹ òun, pé àwọ̀ ọwọ́ mi lè kun òun. Mo mú aṣọ ìnura funfun kan, mo rẹ ẹ́ sínú omi, mo fi nu ọwọ́ mi méjèèjì níwájú ẹ̀, mo tẹ́ aṣọ náà fún un kí ó wò ó dáadáa. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Lẹ́yìn náà ló na apá ẹ̀ sí mi. A kò sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí ó fi lọ sílé.

Ọjọ́ Àìkú ló máa ń nira jù fún mi. Ilé àwọn nọ́ọ̀sì á dákẹ́, gbogbo ilẹ̀kùn á tì. Ní Ṣakí, ọmọ Bàbá Dírẹ́bà ni wọ́n ń pè mí, kò sí òpópó tí mo gbà tí wọn kò mọ ẹni tó bí mi. Níbí, nọ́ọ̀sì ni mí, ìyẹn sì tó wọn. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ìyẹn ni ìjìyà tó wà nínú àjò. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, tí mo bá jókòó sójú fèrèsé tí ẹnikẹ́ni kò rán mi níṣẹ́, mo máa ń rò pé bóyá ìyẹn náà ni èrè ẹ̀. N kò tíì mọ èwo nínú méjèèjì ló jẹ́ òótọ́.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́. Mo yege, wọ́n fún mi ní báàjì, owó oṣù mi sì gbé pẹ́ẹ́lí sí i. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo pàdé ọkọ̀ náà.

Mísítà Tọ́mù ló ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń mú ilé ìwòsàn móoru. Ó ní kí n má fi "Mísítà" kún orúkọ òun, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ẹni tó lè bí mi ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń gbé ọkọ̀ ẹ̀ jáde nínú ọgbà, mo gbọ́ ohùn kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo dá a dúró.

"Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ọkọ̀ yín ti fẹ́ já," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ìka kan bẹ́líìtì náà, ó sì já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wá yíjú sí mi, ó bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ ìyẹn. Mo sọ fún un pé bàbá mi ní lọ́rì, èmi ni àkọ́bí wọn, ọwọ́ mi ni sípánà máa ń wà láti kékeré. Ojú ọ̀nà Ìpàpó ni mo ti kọ́ ọkọ̀ wíwà, kí ìjọba tó ní kí gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún. Ó ní nígbà náà, kí n wá wo nǹkan kan nílé òun.

Nǹkan náà wà nínú búkà onípáánù kan lẹ́yìn ilé ẹ̀, lábẹ́ tapólì. Àbúrò ẹ̀ ló ni ín, ó ti kó lọ sí Ọsirélíà, ó sì ní kí wọ́n bá òun tà á. Nígbà tí Mísítà Tọ́mù ká tapólì náà sẹ́yìn, mo rí ọkọ̀ spọ́ọ̀tì kan, aláwọ̀ ewé, tó rẹlẹ̀ débi pé mo ní láti bẹ̀rẹ̀ kí n tó rí inú ẹ̀. Ìjókòó méjì péré. Òrùlé aṣọ. Ẹ̀rọ ẹ̀ ti gan, kò ṣiṣẹ́ mọ́, ìdí nìyẹn tí owó ẹ̀ fi wálẹ̀.

Mo fẹ́ ẹ. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹni tí kò bá dàgbà sínú lọ́rì. Gbogbo ọkọ̀ tí mo ti wọ̀ láyé mi ló ń ru nǹkan: iṣu, èlùbọ́, ewúrẹ́, aláìsàn tí wọ́n ń gbé lọ sí Ìbàdàn, ìyàwó tuntun àti ẹrù ẹ̀. Èyí kò lè ru ohunkóhun. Wọ́n ṣe é nítorí kí ẹni tó ń wà á lè gbádùn ara ẹ̀ ni. N kò tíì rí irú ẹ̀ rí, tí ẹnì kan jókòó, tó ronú, tó gé irin, tó rán awọ, nítorí ìgbádùn ẹni kan ṣoṣo.

"Ìwọ?" Àǹtí Muínátù ní nígbà tí mo sọ fún wọn. "Ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń ra ilẹ̀ sílé."

"Màá ra ilẹ̀, Àǹtí."

"Ọ̀dọ́ kì í ra irú ọkọ̀ yẹn níbí. Àwọn ọkùnrin tí orí wọn ti pá ló ń rà á, tí ọmọ wọn ti kúrò nílé. Lọ wádìí."

Mo lọ wádìí. Iye tí Mísítà Tọ́mù dá lé ọkọ̀ náà, mo ní in. Ìnṣọ́ránsì, owó adójútòfò tí òfin ní kí gbogbo awakọ̀ san, ló dá mi dúró. Obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì náà gbọ́ orúkọ ọkọ̀, ó gbọ́ ọjọ́ orí mi, ó kọ iye kan sórí ìwé, ó tì í sí mi. Owó ọdún kan ṣoṣo ju owó ọkọ̀ fúnra ẹ̀ lọ.

"Nítorí pé mo jẹ́ àlejò ni?" mo bi í.

"Rárá o. Nítorí pé ẹ kéré ni. Ọmọ ọdún méjìlélógún kò lè rí i san. Tí ẹ bá ti pé márùndínlọ́gbọ̀n, ó máa wálẹ̀ dáadáa."

Mo gba ìwé náà, mo jáde. Márùndínlọ́gbọ̀n ni mí. Lẹ́nu ìyá mi, mo ti pé e láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn.

Kò sí tẹlifóònù nílé wa. Ilé Alhájì kan tó ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ bàbá mi ní Ìbàdàn ni tẹlifóònù wà. Mo máa ń kọ lẹ́tà ṣíwájú pé Sátidé báyìí ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́; bàbá mi á sì ṣètò ẹrù wọn kí ó lè bọ́ sí ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ́jọ́ yẹn, ohùn wọn ń wá bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga.

Lẹ́yìn tí a kí ara wa tán, mo ní, "Bàbá, ọmọ ọdún mélòó ni mí?"

"Ṣé ẹnì kan fẹ́ fẹ́ ọ ni?"

"Rárá, sà. Ọkọ̀ ni mo fẹ́ rà."

"Kí ló kan ọkọ̀ kan ọjọ́ orí?"

Mo ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n ní, "Ìyá rẹ kò parọ́ fún ọ. Ọ̀sẹ̀ tí mo gba lọ́rì àkọ́kọ́ ni wọ́n bí ọ, n kò lè gbàgbé. Márùndínlọ́gbọ̀n ni ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi padà sí kóòtù, kí ẹ búra bẹ́ẹ̀."

Mo gbọ́ tí wọ́n sún mọ́ tẹlifóònù.

"Ọmọ mi, mo gbé ọwọ́ yìí lé Kùránì. Wọ́n bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo ní ó dá mi lójú, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ṣe é kí ọ̀nà rẹ lè là. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run, mo ṣì ń tọrọ ẹ̀. Tí mo bá lọ sọ òótọ́ lónìí, irọ́ àná á dìde. Ta ló máa kọ́kọ́ mú? Ìwọ tó o wà lọ́dọ̀ wọn ni."

Mo ní mo ti gbọ́, sà.

"Ọkọ̀ náà," wọ́n ní, "èèyàn mélòó ló ń kó?"

"Méjì, sà."

"Ẹrù ńkọ́?"

"Kò gba ẹrù."

Mo gbọ́ tí wọ́n sọ ọ́ fún Alhájì, mo sì gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì. "Ọkọ̀ tí kò gba ẹrù," bàbá mi ní, "kí ló ń kánjú lọ ṣe? Jẹ́ kí ó dúró dè ọ́."

Àǹtí Muínátù ní ọ̀nà mìíràn wà. Ọkùnrin kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó lè bá mi ṣe ìwé ọjọ́ orí tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kóòtù kò ní gbọ́, bàbá mi náà kò ní gbọ́. Wọn kò sọ ọ́ láti tàn mí. Wọ́n sọ ọ́ nítorí wọ́n rí i pé inú mi bàjẹ́ ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé e lé ọkàn. Kí n má parọ́, mo tilẹ̀ kọ orúkọ ọkùnrin náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń wo orúkọ náà, ọwọ́ bàbá mi ni mò ń rí, ọwọ́ tí gírísì ti wọ inú ìlà ẹ̀, tí wọ́n gbé lé ìwé mímọ́ nítorí mi. Wọ́n ti san owó ọdún mẹ́ta yẹn fún mi lẹ́ẹ̀kan. Mo ya ìwé náà.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, mo lọ bá Mísítà Tọ́mù, mo ra ọkọ̀ tí n kò lè wà.

Àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n á bi mí pé ọkọ̀ mi ńkọ́, màá ní ó ń sùn. Àmọ́ mo ti rí i pé, fún ọ̀dọ́ tó ń gba owó oṣù nọ́ọ̀sì, ọ̀nà tó wà nìyẹn. N kò lè san gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n mo lè ra ọkọ̀ tó ti kú, mo ní ọwọ́ tí mo lè fi jí i, mo sì ní ọdún mẹ́ta.

Gbogbo ọ̀sán Àìkú ni mo ń lọ síbẹ̀. Ọjọ́ tó máa ń pa mí lára tẹ́lẹ̀ wá di ọjọ́ tí mò ń retí. Mísítà Tọ́mù àti èmi tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ pátápátá, a to gbogbo ẹ̀ sórí ìwé ìròyìn. Ìyàwó ẹ̀ á gbé tíì wá, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò ní kí n jẹ nǹkan. Tí ó bá di oṣù Ràmàdáánì, á bo tíì náà mọ́lẹ̀, á wo aago fún mi. Láàárín ọdún yẹn náà ni mo gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tiwọn. N kò yege ní ìgbà àkọ́kọ́ nítorí pé mo ń fun fèrè ní gbogbo kọ̀rọ̀, bí bàbá mi ṣe kọ́ mi; ọkùnrin tó ń dán mi wò ní mò ń dẹ́rù ba àwọn ará àdúgbò. Ìgbà kejì, mo pa ọwọ́ mọ́, mo gbà á.

N kò lè sọ ọjọ́ tí n kò rí ara mi bí àlejò mọ́ ní ilé yẹn. Bóyá ọjọ́ tí Mísítà Tọ́mù sọ fún aládùúgbò ẹ̀ kan tó yọjú, pé, "Ọ̀gá kò tíì ráyè," tí ọkùnrin náà sì wo èmi tí mo wà lábẹ́ ọkọ̀, tó ní òun á padà wá. Ilé mi ni Ṣakí, kò sí ohun tó lè yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti mọ ohun tí ọwọ́ rẹ lè ṣe, o kì í ṣe àjèjì níbẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ inú búkà onípáánù.

Ní ọdún kẹta, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Ó wúkọ́, ó tú èéfín dúdú, ó tún wúkọ́, ó wá gbà. Ṣùgbọ́n ohun kan ń gbọ̀n nínú ẹ̀ tí àwa méjèèjì kò rí ìdí ẹ̀. A yí kábúrétọ̀, a yẹ wáyà wò, òtúbáńtẹ́. Sátidé tí mo fẹ́ bá ilé sọ̀rọ̀ sì pé. Mísítà Tọ́mù ní kí n lo tẹlifóònù tòun, ó wà lára ògiri ilé ìdáná, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí búkà.

"Bàbá," mo ní, "ẹ tẹ́tí sí nǹkan kan fún mi."

Mo na tẹlifóònù náà gba ojú fèrèsé, títí okùn ẹ̀ fi le. Mísítà Tọ́mù ti jókòó sínú ọkọ̀, ó tẹ iná mọ́lẹ̀ kí ẹ̀rọ lè ké. Mo ka ogún, mo dá a padà sí etí mi.

Mo gbọ́ tí bàbá mi ní kí àwọn èèyàn ilé Alhájì dákẹ́.

"Púlọ́ọ̀gì mélòó ló ní?"

"Mẹ́rin, sà."

"Mẹ́ta ló ń jó. Ìkẹrin ń tàn yín jẹ. Èyí tó jìnnà sí ọ jù ni kí o kọ́kọ́ wò."

A tú u. Tuntun ni, àwa fúnra wa la rà á, ìdí nìyẹn tí a kò fi fura sí i. Ó ti sán láti inú. A fi òmíràn sí i, ohùn ọkọ̀ náà sì dán bí ìgbà tí èèyàn ń fa aṣọ ya. Mísítà Tọ́mù wo tẹlifóònù tó ṣì ń fì lára ògiri, ó bi mí pé, "Ìlú wo lẹ tún ní bàbá yín wà?"

"Ìbàdàn," mo ní. "Wọ́n lọ já èlùbọ́."

Ní oṣù kẹfà, ní ọjọ́ tí akọ̀wé kóòtù yàn fún mi, mo pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n nínú ìwé. Mo padà sí ọ́fíìsì ìnṣọ́ránsì. Obìnrin kan náà ló wà níbẹ̀. Kò mọ̀ mí mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó ka ọjọ́ ìbí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òní gan-an ni. Ó kọ iye owó sórí ìwé, ó tì í sí mi. Mo san án níbẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀lé e ni mo ká òrùlé ọkọ̀ náà sẹ́yìn, tí mo lọ gbé Àǹtí Muínátù. Wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Wọ́n so ìborí wọn le, wọ́n di ilẹ̀kùn mú, wọ́n ń ka àyátùl-kúrísíyù fún ààbò lábẹ́lẹ̀. Ọ̀nà etí òkun la gbà. Mo wà á jẹ́jẹ́, nítorí tiwọn.

Nígbà tí a rin bíi wákàtí kan, ọlọ́pàá kan na ọwọ́ sí wa. Mo dúró. Ó bi mí ta ló ni ọkọ̀. Mo ní èmi ni. Ó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ó gba ìwé ìnṣọ́ránsì, ó gba ìwé tí wọ́n fi ta ọkọ̀ fún mi. Ó kà wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Mo gbé ọwọ́ lé ìdarí ọkọ̀, mo jẹ́ kí ó kà á. Ẹ̀rù kò bà mí. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé wọ̀nyẹn tí n kò tíì san owó ẹ̀.

"Ọ̀dọ́ bíi tiyín," ó ní, "báwo lẹ ṣe rówó ra irú ọkọ̀ yìí?"

"Ó ti kú nígbà tí mo rà á. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la tún un ṣe. Ọdún mẹ́ta ló gbà wá."

Ó wo ọwọ́ mi. Ó tún wo ìwé. "Ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n," ó ní. "Ẹ kéré lójú ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Àǹtí Muínátù bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Wọ́n fi etí ìborí bo ẹnu, wọ́n yíjú sí òkun, èjìká wọn ń gbọ̀n. Ọlọ́pàá náà bi wọ́n bóyá kò sí wàhálà. Wọ́n mi orí. Ó dá ìwé mi padà fún mi, ó ní kí a máa lọ.

Mo ṣíná ọkọ̀, ó gbà lẹ́ẹ̀kan. A ti rìn jìnnà kí ẹ̀rín tó dá wọn sílẹ̀. Wọ́n nu ojú wọn, wọ́n jókòó dáadáa, wọ́n yọ ọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn. Ọ̀nà tó wà níwájú wa tẹ́jú, ó sì ṣófo.

"Sáré díẹ̀ sí i," Àǹtí Muínátù ní.